Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì Sìkírá

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nílùú ọba kì í ṣe òtútù. Òtútù, wọ́n ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé. Ilẹ̀kùn ni. Níbi iṣẹ́ mi, níbi tí a ti ń se ọbẹ̀ àti ìrẹsì sínú abọ́ pẹlẹbẹ fún àwọn tí kò ráyè dáná, ilẹ̀kùn kan wà ní ìpẹ̀kun yàrá tí kò ní àgádágodo, tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tí kò sì ní ẹ̀ṣọ́. Irin gbọọrọ kan ló wà lára rẹ̀ ní ọ̀gangan ìbàdí. Bí o bá fara tì í, ó ṣí, o ti bọ́ síta.

Èmi ọmọ Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé tí àpótí ìyọ̀ pàápàá ní kọ́kọ́rọ́, mo dúró, mo wò ó. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ! Ẹran adìyẹ kún fíríìjì dé òkè, ilẹ̀kùn wá wà gbayawu báyìí? Mo ní pàkúté ni. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó máa gbé adìyẹ gbabẹ̀ jáde ni. Kámẹ́rà á ti wà níbì kan tó ń wò wá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, màá na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ìkókó, kí kámẹ́rà lè rí i pé n kò mú nǹkan kan dání.

Ọjọ́ kan ni ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí omi ọṣẹ. Mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo ń wá nǹkan dì mú, ìdí mi ló lọ bá irin náà. Ilẹ̀kùn ṣí. Ni áláàmù bá figbe ta bí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, n kò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo èèyàn fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Wọn ò sáré, wọn ò pariwo, wọn ò mú ẹrù. Wọ́n rọra ń rìn jáde bí ẹni tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, wọ́n lọ dúró níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, lábẹ́ pátákó aláwọ̀ ewé kan. Wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Súpáfáísọ̀ ń pe orúkọ, wọ́n ń dáhùn.

Ẹ gbọ́ ná. Nílé wa, bí èéfín bá yọ ní Ọjà Ọba, ṣé ìta lèèyàn ń sá lọ? Inú ọjà là ń sá wọ̀! Oníkálukú fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀, ẹni tí kò ní ẹrù fẹ́ bá ẹlẹ́rù gbé e. Aládùúgbò tó bá ká ọwọ́ gbera nígbà tí ilé rẹ ń rú èéfín, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó dáná sun ún. Mo wo àwọn òyìnbó wọ̀nyí, mo ní, háà, àwọn gan-an ló fẹ́ kó jó.

Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣárọ́ǹ, wá bá mi. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ lẹ́nu. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé ó ti pẹ́ táwọn ti fẹ́ dán ìjáde wò, pé nísinsìnyí àwọn ti mọ̀ pé àwọn ń lọ́ra jù. Mo dáhùn pé kò tọ́pẹ́. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti ń di ẹrù mi. Ọ̀gá tó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lórí ohun tó o bàjẹ́, ó ní ohun tó ń dúró dè.

Nínú yàrá tí mo gbà, bí mo bá sín, ara mi ni mo ń ṣe pẹ̀lẹ́ fún. Aládùúgbò mi kì í kí èèyàn, orí ló máa ń mì. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń wo ẹ̀yìn mi wò bóyá ẹlòmíràn ló ń mi orí sí. Fóònù ni mo fi ń gbélé ayé. Ẹni tí mo sì ń pè jù ni Sìkírá, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tó ń ṣe búrẹ́dì ní Òkè Baálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ fi ìdí ṣílẹ̀kùn òyìnbó!"

"Ẹsẹ̀ mi yọ̀ ni."

"Irọ́ ni. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n tì í ni."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni ẹ̀rín náà kúrò lójú mi, nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tirẹ̀ ló yọ sí mi lọ́kàn. Ilẹ̀kùn onírin ni. Àgádágodo ńlá wà lára rẹ̀, àpò fúláwà tò tì í dé àjà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní kókó ìró Sìkírá. Ó tì í nítorí pé búrẹ́dì máa ń gba ibẹ̀ rìn jáde. Iwájú nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn iwájú yẹn náà sì ni ààrò onígáàsì wà, pẹ̀lú sílíńdà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe ààrò yẹn, Sìkírá àti àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò ní ọ̀nà míì. Èmi tí ẹ̀rù ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ń bà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù èyí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fún mi ní ẹ̀wù aláìlápá kan tó ń dán yòò, irú èyí tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú títì ń wọ̀. Ṣárọ́ǹ ní èmi ni n ó máa darí èèyàn jáde bí wàhálà bá dé.

Àwa Yorùbá méjì ló wà níbẹ̀. Ìkejì mi ni Màmá Délé, obìnrin Iléṣà kan tó jù mí lọ, tó ń bu ìrẹsì sínú abọ́. Ó rí ẹ̀wù náà, ó ṣíwọ́ iṣẹ́.

"Ọmọ Òṣogbo, wọ́n ti fi ọ́ joyè."

"Màmá, oyè wo? Wọ́n ní èmi ni n ó jáde kẹ́yìn. Wọ́n ní n ó kọ́kọ́ lọ yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò bóyá èèyàn wà níbẹ̀, nígbà tí iná bá ń jó lọ́wọ́. Ṣé oyè nìyẹn àbí ètùtù?"

"Ìwọ náà sanra tó. Bí uná bá mú ọ, á rẹ̀ ẹ́ kó tó jó ọ tán."

"Ẹ̀yin òṣómàáló! Bí iná bá wọ ilé tiyín, ẹ ó lóṣòó tì í títí yóò fi bẹ̀ yín ni."

"Ó kéré tán, àwa ò ní sá."

Ó mọ̀ pé màá sá. Gbogbo ilé iṣẹ́ náà ló rò pé akíkanjú ni mí nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí nígbà gbogbo. Wọn ò mọ̀ pé mo fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ni.

Wọ́n kó wa jọ láti kọ́ wa. Ṣárọ́ǹ lẹ ìwé ńlá mọ́ ògiri, ó ní kí oníkálukú sọ ohun burúkú tó lè dé bá ilé oúnjẹ. Ẹnì kan ní iná. Ẹnì kan ní iná mànàmáná lè lọ kí gbogbo ẹran bàjẹ́. Ẹnì kan ní gáàsì fíríìjì lè tú, òmíràn ní oúnjẹ wa lè ṣe àwọn tó jẹ ẹ́ léṣe, ká ní láti sáré kó o kúrò ní ọjà. Bí wọ́n ti ń dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni èmi àti Màmá Délé ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ṣárọ́ǹ bi mí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo ní ó túmọ̀ sí pé a fara mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn.

Ó ní èmi ńkọ́, kí ló ń bà mí lẹ́rù? Mo ní kò sí. Kò tíì sí irọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà.

Wọ́n wá mú ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti dárúkọ: ta ló máa pa gáàsì, ta ló máa pe panápaná, ọ̀nà wo la ó gbà, ibo la ó ti pàdé, ta ló ní àṣẹ láti sọ pé oúnjẹ òní kò gbọ́dọ̀ jáde. Mo fura sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wá ibi tí ẹ̀tàn wà, n kò rí i. Ìyẹn gan-an tún bà mí lẹ́rù.

Ẹni tó bá dúró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Òṣogbo tó ní, "Bí ibí yìí bá jó ńkọ́?", o ò ní bá a wá omi. Wàá ní ẹnu rẹ̀ ni yóò jó. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lágbára, pé ohun tí a bá pè máa ń dáhùn. Mo wá bọ́ sáàárín àwọn tó ń pe ibi lórúkọ kó má bàa bá wọn lójijì. Níbi iṣẹ́, mò ń sọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", wọ́n ń wò mí bí ará oko. Nígbà tí mo bá sì pe ilé, mò ń sọ "bí iná bá sọ", wọ́n ń gbọ́ mi bí ọ̀tá. Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni ìlú mi mọ́.

"Sìkírá, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn."

"Èwo?"

"Èyí tó o tì. Kó àpò fúláwà kúrò níbẹ̀. Sì jẹ́ kí wọ́n gbé sílíńdà gáàsì síta, kó wà lẹ́yìn ògiri."

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló pè yín?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí."

"Múínátù ni. Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí òṣìṣẹ́ mi yẹn ti ń wo ilẹ̀kùn náà."

"N ò mọ Múínátù kankan! Mo ní bí iná bá sọ níwájú, ibo lẹ ó gbà?"

"A'ùsù bílààhi! Bọ̀ọ̀dá! Ibi tí mo ti ń jẹun lẹ fẹnu yín sọná sí? Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ẹ rí nǹkan ni?"

"N kò rí nǹkan kan. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ ni."

"Àwọn òyìnbó yẹn, ṣé wọ́n mọ Òkè Baálẹ̀ ni?"

Ó gbé ìgbésẹ̀ ṣá o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣe sàráà. Ó pín búrẹ́dì fún àwọn ọmọ kéwú, ó pe àfáà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wọ́n omi àdúrà sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú àgádágodo rẹ̀. Wọ́n wá fi í sílẹ̀ ní títì. Mo tún pè, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ sinmi, pé gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sí i.

Mo ròyìn fún Màmá Délé nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán.

"Kí lo wí fún un gan-an?"

"Mo ní ibi iṣẹ́ wa ní ètò kan tí..."

"Ètò!" Ó ju ṣíbí sílẹ̀. "Ọmọ ìyá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀, o wá ń ṣe bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Lọ lálàá."

"Màmá, n kò lálàá kankan."

"Ta ló bi ọ́ bóyá o lá a?"

Mo rò ó, ó tì mí lójú, mo tún rò ó. Nígbà tí mo pe Sìkírá, mo jẹ́ kí ohùn mi wálẹ̀. Mo ní, "Àbúrò mi, mo lálàá." Mo gbọ́ ọ tó pa rédíò.

Mo rọ́ ọ fún un. Mo ní mo rí ilé búrẹ́dì rẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, kò sí àpò kankan níbẹ̀, sílíńdà wà níta lẹ́yìn ògiri. Mo ní mo rí gbogbo wọn tí wọ́n ń jáde, ẹnikẹ́ni ò mú nǹkan dání, ẹnikẹ́ni ò padà wọlé. Mo ní wọ́n lọ dúró lábẹ́ igi fúrúùtù iwájú mọ́ṣáláṣí, Sìkírá ń pè wọ́n lórúkọ, oníkálukú ń dáhùn.

"Aṣọ wo ni mo wọ̀?"

N kò ti ronú dé ibẹ̀. "Ẹ̀wù kan tó ń dán yòò."

"Lá ìláà ilaláà."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwòrán ti dé sórí Wasáàpù mi: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì Sìkírá, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì wọlé síbi tí kò tíì tàn sí rí. Wọ́n ti gbé sílíńdà sẹ́yìn ògiri. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀, ó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbabẹ̀ jáde lọ sábẹ́ igi, bí àlá ti wí. Mo fi àwòrán náà han Ṣárọ́ǹ. Ó ní ó dára gan-an. Mo fura sí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ọ̀sán kan ni, a ń sinmi, mo yọ fóònù jáde. Aládùúgbò wa kan ti fi fídíò ránṣẹ́. Èéfín dúdú lórí òrùlé tí mo mọ̀. Mo pe Sìkírá. Ó ń dún, kò gbé e. Mo tún pè. Ohùn ẹ̀rọ ní fóònù náà kò sí lójú ọ̀nà mọ́.

Mo jókòó lórí kéréètì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀wù tó ń dán yòò wà lọ́rùn mi. Èmi tí wọ́n fi ṣọ́ gbogbo èèyàn ilé iṣẹ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó dáhùn kò dáhùn. Màmá Délé wá jókòó tì mí. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó di etí ẹ̀wù náà mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ló pè.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni o. Gbogbo wa wà lábẹ́ igi."

"Kí ló dé tí o kò gbé fóònù?"

"Ó wà nínú iná. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká má mú nǹkan kan dání? Múínátù fẹ́ padà lọ mú ìborùn rẹ̀, mo fa ìró rẹ̀ mú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú."

Gáàsì ló tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, iná dí ẹnu ọ̀nà iwájú pátápátá. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà. Òrùlé iwájú lọ, fúláwà lọ. Bàbá kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní òdì kejì títì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a ń pè ní Bàbá Ìwàrà nítorí ìlú tó ti wá, òun ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn. Òun ló sáré lọ sẹ́yìn ògiri tó lọ pa orí sílíńdà. Mo forí kanlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òyìnbó kan rò pé mo ti dákú, wọ́n sáré gbé àpótí oògùn wá.

Kí omi tó gbẹ lára ògiri tí wọ́n pa iná rẹ̀, ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni Bọ̀ọ̀dá rí lójú àlá? Gbogbo ilé ló ń bi mí. Nígbà tí n kò dáhùn, wọ́n bá ara wọn wá a. Wọ́n ní Bàbá Ìwàrà. Wọ́n ní ó yá jù. Wọ́n ní ta ló ń bu iyanrìn sí bọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí kò kọ́lé? Àbí òun náà kì í ta búrẹ́dì? Àwọn èèyàn kò ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní àwọn ń bọ̀ wá kí i, ẹ sì mọ irú ìkíni bẹ́ẹ̀.

Mo wá rí i pé àlá tí n kò lá ti ń wá ẹni tí yóò pa. Mo sọ fún Màmá Délé. Ojú rẹ̀ le.

"Ọmọ ulé mi lẹ fẹ́ lù nítorí bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn?"

"Àlá tí ẹ ní kí n lá ni!"

"Mo ní kó o lá a. N kò ní kó o má parí rẹ̀."

Mo ní kí Sìkírá kó wọn jọ, kó sì jẹ́ kí fóònù máa dún síta kí gbogbo wọn lè gbọ́ mi. Àgbà ilé wa, Bàbá Káfíńtà, ló béèrè.

"Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Ta lo rí?"

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ní, "Bàbá, mo rí i kedere. Rọ́bà gáàsì ni. Ó ti sán bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́."

"Rọ́bà. Ta ló wá wà lẹ́yìn rọ́bà náà?"

"Ògiri ni, Bàbá."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Bàbá ní, "Ẹni tó gbé iyanrìn sílẹ̀ kí iná tó dé ńkọ́?"

"Bí ìyẹn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èmi tí mo rí iná kó tó dé ni ọ̀gá rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá mú mi. N ó fi àdírẹ́sì mi ránṣẹ́, ẹ kàn wọ aṣọ òtútù dáadáa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín báyìí. Bàbá rán èèyàn lọ wo ohun tó kù nínú rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà. Ó ti sán káàkiri. Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìwàrà, ó sì ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mo gbọ́ pé ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Sìkírá pè mí lóun nìkan.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lálàá kankan."

Mo ní mo lá a.

"Àlá wo ló ń to èèyàn sábẹ́ igi, tó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Àwọn tí mo máa ń rí lójú àlá tèmi, wọn kì í gbọ́ràn bẹ́ẹ̀."

"Bí o ti mọ̀ nígbà náà, kí ló dé tó o fi ṣí ilẹ̀kùn?"

"Ẹ̀rù ń bà yín ni. Mo gbọ́ ọ lóhùn yín. Ẹnu yín lè purọ́, Bọ̀ọ̀dá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yín kò purọ́ fún mi rí."

"O ò wá sọ fún mi pé o mọ̀?"

"Ṣé kí n wá sọ fún Múínátù àtàwọn yòókù pé ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n mi nílùú ọba, torí náà kí wọ́n wá ru àpò fúláwà? Ẹ̀rù yín ni mo ṣílẹ̀kùn fún. Àlá yẹn, mo kàn fi í bò yín láṣìírí ni."